Moufidatou Agbálóòró

Láàárọ̀, kí àwọn ọkùnrin Manigri tó dé ojú títì, Moufidatou kì í tàsé. Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ti yí tábìlì bíyáà ká, ó máa ń tàsé bọ́ọ̀lù tí arúgbó olójú fífọ́ lè gbá wọ ihò. Ẹni kan náà ni. Ọwọ́ kan náà, ọ̀pá kan náà, tábìlì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ọkùnrin máa borí obìnrin nídìí bíyáà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti wọn apá ẹnikẹ́ni. Kó wá sí Manigri, kó jókòó láti ìdájí títí di ọ̀sán, kó sì wo ẹ̀yìn obìnrin kan ṣoṣo.

Wassiou, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ni tábìlì náà. Ọdún kẹfà nìyí tó ti rà á ní àlòkù ní Parakou. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu ló gbé e wá, ọkùnrin mẹ́jọ ló sì sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Bassila. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú. Bí òjò ńlá kan bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ tábìlì kan á rì, gbogbo bọ́ọ̀lù á sì máa yí lọ sí igun kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n. Wassiou kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Moufidatou ló mọ̀ ọ́n. Á bu omi sínú abọ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á gbé e sáàárín tábìlì, á wá wo omi náà. Ibi tí omi bá ti sún mọ́ etí abọ́ jù, ibẹ̀ ló rì. Á mú igi pẹlẹbẹ tó fi àdá gé fúnra rẹ̀, á kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, á tún wo omi. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin ní tábìlì Wassiou dára púpọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló mú un dára.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Moufidatou. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà pè é lórí fóònù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Baba wọn ti kú. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sí, tí baba rẹ̀ kò sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kó ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, Assana.

Bí ó bá ti tún tábìlì ṣe tán láàárọ̀, ó máa ń ní ààbọ̀ wákàtí kan kí ọkùnrin àkọ́kọ́ tó dé. Nínú ààbọ̀ wákàtí yẹn ló fi kọ́ bíyáà. Yíyan kajú ti jó ìka ọwọ́ òsì rẹ̀: epo tó wà lára èèpo kajú máa ń bó awọ ara bí omi gbígbóná, awọ tó sì hù padà le, ó dúdú, ó rí hágahàga. Ọ̀pá kì í yọ̀ dáadáa lórí irú awọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin máa ń fi àtíkè pa ọwọ́. Moufidatou ń lo èlùbọ́, ó sì ń dì í sí etí aṣọ rẹ̀.

Ohun tí bíyáà ń fẹ́ kéré. Ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun, funfun lọ kọlu èyí tí o fẹ́, èyí tí o fẹ́ wọ ihò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù méje tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá wọlé, lẹ́yìn náà ló kan bọ́ọ̀lù dúdú, èyí tí ẹni tó bá gbá a wọlé ti borí. Kò fẹ́ agbára akọ màlúù. Ó fẹ́ kí ojú àti ọ̀pá wà lórí ìlà kan. Ojú kò sì lè bá ọ̀pá wà lórí ìlà kan àfi kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi kan ọ̀pá, kó na apá iwájú, kó gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ wà lórí gbígbàgbé ẹ̀yìn yìí. Ọkùnrin a máa gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tó ń dọdẹ rẹ̀.

Láàárọ̀, Moufidatou náà a máa gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Wassiou tètè jí.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó gbé orí sókè. "Mò ń wò ó bóyá ó tẹ́jú, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó tẹ́jú? Títì lo kọ ìdí sí! Ọkọ̀ Djougou ń kọjá, ọkọ̀ Parakou ń kọjá. Ṣé ọjà lo pàtẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó…"

Wassiou gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó fi ìdí rẹ̀ nà án ní ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì. Moufidatou fi ọwọ́ òsì di etí tábìlì mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀kẹta bà á lórí ọwọ́ náà. Ìka tó kéré jù kán. Kò pariwo, torí pé àwọn ènìyàn ti ń jí. Assana ló fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dì í. Bó ṣe ń dì í, ó ní, "Ṣebí ìka kékeré ni. Dúpẹ́."

Wassiou kò ní kó má gbá bíyáà mọ́. Bí ọkùnrin kan bá dé tí kò rí ẹni bá gbá, Moufidatou ló ń bá a gbá kó má baà lọ. Ohun tí Wassiou kà léèwọ̀ ni pé kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Dúró bí ènìyàn," ló wí. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkùnrin bá wà níbẹ̀, òòró ló ń dúró gbá a, ẹ̀yìn gan bí òpó, ojú lókè, ọ̀pá nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló ń wọlé. Wọ́n sọ ọ́ ní Agbálóòró.

"Agbálóòró, ṣé ìgbálẹ̀ lo gbé mì láàárọ̀ ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ̀rù ilẹ̀ ló ń bà á."

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń gbéra ga.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Láti oṣù kejì títí di ìparí oṣù kẹrin, kajú ń jábọ́. Bí Moufidatou bá ti kúrò nídìí tábìlì láàárọ̀, ó ń wà lábẹ́ igi lọ́nà Doguè, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣà á, ìdí sókè, orí nísàlẹ̀, títí oòrùn fi máa dé àtàrí. Ọkùnrin ń gba ọ̀nà oko kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Alùpùpù ń kọjá. Wassiou fúnra rẹ̀ máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, a máa sọ pé, "Yára, èyí tó wà lábẹ́ ewé yẹn ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ dáadáa!" Ara kan náà ni, ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ kan náà ni. Èyí tó ń kó kajú jọ fún wọn kì í ṣe ìwà àìtọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, Bachirou wá sí Manigri. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ kódà lọ́jọ́ ìsinmi, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ bíyáà ní Bassila. Ó dúró nídìí tábìlì, ó kéde pé ìdíje ńlá ń bọ̀ ní Djougou. Bassila yóò mú ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Àwọn tí wọ́n bá mú yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọn yóò máa kọ́ṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan tó ní tábìlì mẹ́jọ.

"Ṣé inú ilé ni àwọn tábìlì yẹn wà?" Moufidatou ló béèrè.

"Inú ilé kẹ̀? Ṣé inú igbó ni wọn yóò wà ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ilé gidi. Ó ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ń gbá, wọ́n á tì í."

Kò gbọ́ ìyókù. Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta tí kò ní sí títì lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn yẹn ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

Obìnrin márùn-ún ló forúkọ sílẹ̀. Kí ọjọ́ tó pé, ó ku ẹyọ kan. Èyí tó wá láti Alédjo, baba rẹ̀ tì í mọ́lé. Ọ̀kan ní Bassila, ọkọ rẹ̀ da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ mọ́. Bachirou wo ìwé rẹ̀, ó mi orí.

"Ṣé ẹ rí i? Obìnrin kò nífẹ̀ẹ́ sí i. Ẹyọ kan kò sì lè bá ara rẹ̀ díje. Moufidatou, bó o bá fẹ́ lọ, bá Razak gbá fún ipò kẹta ti ọkùnrin. Bó ò bá fẹ́, máa lọ sílé."

"Màá bá a gbá," ni Moufidatou wí.

Razak kì í ṣe ẹranko, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Bassila ni, tábìlì méjì sì wà ní búfẹ́ẹ̀tì, ilé ọtí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìnlá ló fi ń gbá bíyáà lọ́sẹ̀ kan. Moufidatou, bí a bá ro gbogbo ààbọ̀ wákàtí àárọ̀ rẹ̀ pọ̀, kò ní ju mẹ́ta àbọ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí Wassiou sì ti kán an níka, àárọ̀ tí Wassiou bá wà lóko nìkan ló lè rí lò. Razak kò jí wákàtí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé e fún un ni, kò sì bi wọ́n pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á.

Wassiou gbà kó lọ, nítorí pé wọn yóò máa pe orúkọ tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí eré náà bọ́ sí, kí wọ́n tó gun alùpùpù, ó pè é síwájú ìyá wọn.

"Bó o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú àwọn ará Bassila, wallahi, kì í ṣe ìka ni màá kán lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ ni. Ìyá, ẹ gbọ́ o."

Assana ń fẹ́ iná. Kò gbójú sókè. "Moufidatou, gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ní búfẹ́ẹ̀tì náà. Ooru mú. Nǹkan bí ọgọ́ta ọkùnrin ló yí tábìlì ká, obìnrin méjì tó ń gbé ọtí káàkiri sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba eré mẹ́ta ló borí. Razak gbá àwọn bọ́ọ̀lù tú ká, ó dún bí ẹni fi òkúta lu páànù, àwọn ènìyàn sì hó. Ó gba eré kìíní. Moufidatou dúró lóòró, ẹ̀yìn gan, ó ń gbá a láti òkè bí ẹni ń fi igi gún ejò.

"Agbálóòró," ni Razak wí, "tábìlì wà nísàlẹ̀ o! Kì í ṣe orí páànù!"

"Ẹ gbé àpótí fún un kó gùn!" Yáyà ló sọ èyí, ọ̀rẹ́ Razak tó ń tún alùpùpù ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo dúdú.

Ní eré kejì, ó gbá bọ́ọ̀lù méje rẹ̀ tán pẹ̀lú ìyà, ó ku dúdú. Dúdú wà ní ìwọ̀n apá kan sí ihò. Ó gbá a lóòró. Ó fi ìbú ìka kan tàsé. Razak fi ọwọ́ kan gbá a wọlé, ó fi ọwọ́ kejì di ìgò mú.

Bachirou yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Apá wọn ni. Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́run kò fún wọn ní apá fún irú eré yìí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

Moufidatou gbọ́ ọ. Eré méjì sí òdo. Èyí tó kù, bí ó bá sọ ọ́ nù, ó tán, kò sí ilẹ̀kùn mọ́. Ó gbójú wo Wassiou lára ògiri. Wassiou mú ọ̀pá tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó máa ń gbé lọ síbi gbogbo. Lákòókò yẹn gan-an ni wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Wassiou wo tábìlì, ó rí i pé ó ti tán, ó mi orí, ó bá àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́wàá jáde lọ kírun.

Moufidatou ṣírò rẹ̀. Àlùwàlá, ìrìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìrun, ìkíni, ìrìn bọ̀. Ààbọ̀ wákàtí. Iye tó máa ń ní láàárọ̀ náà nìyẹn.

Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó fi èlùbọ́ pa àwọn ìka dúdú náà. Ó gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan ọ̀pá.

Àwọn tó ń mutí gbé ìgò sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kìíní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ fún ìkẹrin, Yáyà sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó fi ìdí ọ̀pá kan tì í ní ìdí, tagbáratagbára, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn kó lè gba ẹ̀rín wọn. Wọ́n fún un ní ẹ̀rín náà.

Moufidatou dìde. Kò yára. Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà kí ìdí rẹ̀ tó nípọn wà níwájú, ó di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi lu Yáyà lẹ́nu. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Yáyà nígbà tí igi dé ibẹ̀. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Yáyà fi ẹ̀yìn lulẹ̀ sáàárín àga, ó di ẹnu mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde pẹ̀lú epo alùpùpù. Moufidatou fi ẹsẹ̀ gbá eyín kan kúrò lójú ibi tó fẹ́ dúró sí. Ó fi ẹfun kun ṣóńṣó ọ̀pá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkẹrin wọlé.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Mítà mẹ́ta ló ṣófo níbẹ̀. Ohun tí Razak máa ń ní lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti ń gbá bíyáà nìyẹn, mítà mẹ́ta àlàáfíà, kò sì fọ́ eyín ẹnikẹ́ni kó tó rí i gbà.

Ó gba eré kẹta. Ó gba ìkẹrin. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló gbá wọlé láìjẹ́ kó kan Razak. Eré méjì sí méjì. Razak kò mu ọtí mọ́. Ní eré karùn-ún, ó tàsé bọ́ọ̀lù kan tó rọrùn, ẹnì kan sì sọ pé, "Razak, ṣé òòró ni ìwọ náà ń gbá a ni?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ojú Razak pọ́n. Ó mọ̀ pé apá òun kò yí padà. Kò sí ohun mìíràn tó yí padà ju pé ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára òun.

Moufidatou gbá méje tirẹ̀ tán, ó ku dúdú. Ó jìnnà, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun, funfun sì wà ní òdìkejì tábìlì pátápátá. Moufidatou bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ojú tẹ̀ lé ìlà náà: ọ̀pá, funfun, dúdú, ihò. Ní òpin ìlà náà, lókè ihò gan-an, ó rí etí ṣòkòtò búlúù kan àti ẹsẹ̀ méjì tí omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lára wọn.

Wassiou kúrò lórí ìlà náà. Moufidatou gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń yí tábìlì ká, díẹ̀díẹ̀, bọ̀ lápá òsì. Àwọn ènìyàn ń yà fún un lọ́nà. Kò sẹ́ni tó dì í mú.

Ó lè dìde. Bí ó bá dìde, tó gbá a lóòró, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá wà nílẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn nọ́ńbà méjì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ó mí síta. Ó gbá a.

Egungun dún kí bọ́ọ̀lù tó dún. Wassiou fi ìdí ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọwọ́ òsì náà nígbà tí dúdú ṣì ń yí lọ. Ó tún gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Dúdú wọ ihò láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ní ìkẹrin, Razak ló di Wassiou lápá mú. "Ó tó!" ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ń ta sí aṣọ tábìlì."

Moufidatou jókòó sílẹ̀ ó sì fi gèlè rẹ̀ wé ọwọ́. Ìka mẹ́ta kọjú sí ibi tí ìka kì í kọjú sí. Ó wo Bachirou.

"Mo ti gbá a wọlé."

Bachirou wo ihò, ó wo ìwé rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ fèrè mọ́ àyà. "Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi ọwọ́ kan tábìlì kó tó wọlé. Eré náà dàrú. Òfin ni."

"Ta ló fi ọwọ́ kàn án? Ṣé èmi ni?"

"Òfin kò béèrè ta ni. A ó gbé dúdú padà síbi tó wà, kó o tún un gbá. Ṣé o lè gbá a, àbí o kò lè gbá a?"

Wọ́n gbé dúdú padà. Moufidatou dìde. Ó gbé ọwọ́ tó fọ́ náà lé tábìlì, kò lè di ohunkóhun. Ó gbé ọ̀pá lé orí etí tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ọ̀pá yọ̀. Funfun rìn díẹ̀, ó dúró. Razak wá, ó gbá tirẹ̀ tán, ó gbá dúdú wọlé. Kò hó. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó sì jáde, ṣùgbọ́n ó lọ sí Djougou.

Nínú ìwé tí Bachirou kọ ránṣẹ́, ó ní Bassila kò rí obìnrin mú wá. Ó ní ohun méjì ló fà á: wọn kò nífẹ̀ẹ́ sí eré náà, egungun wọn kò sì le bíi ti ọkùnrin.

Wọ́n to ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n tú u, ìka méjì kò ká mọ́. Assana ń fún un lóúnjẹ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wassiou ní òun kò bínú mọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì lẹ́yìn eré náà, òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Ọjọ́ ọjà Manigri ni. Nígbà tí agogo mẹ́wàá yóò fi lù, títì kún fún ọkọ̀, iṣu àti ènìyàn, àwọn ọkùnrin sì ti yí tábìlì ká, inú wọn kò dùn. Gbogbo bọ́ọ̀lù ń yí lọ sí igun kan. Wọ́n ti ki òkúta bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó tún burú sí i.

"Moufidatou!" Wassiou pariwo sínú àgbàlá. "Gbé abọ́ omi rẹ wá, wá tún nǹkan yìí ṣe!"

Ó jáde wá. Kò gbé abọ́ dání. Ọkọ́ ńlá Wassiou ló gbé, èyí tó fi ń kọ ebè iṣu, tí irin rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Àwọn ọkùnrin rò pé ó fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe ni, wọ́n yà fún un. Ó dúró síbi tó ti máa ń dúró láàárọ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí títì, sí gbogbo ọkọ̀ Djougou àti ọkọ̀ Parakou. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ìyókù ọwọ́ òsì di ọkọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín tábìlì.

Aṣọ ya láti etí dé etí. Ìkejì kan òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe ojú tábìlì, èyí tó wà lábẹ́ aṣọ. Ó yí ọkọ́ padà, ó fi ẹ̀yìn irin lu òkúta náà, ó tún lù ú. Bọ́ọ̀lù ń fò bọ́ sínú ẹrẹ̀. Wassiou ké, ó sáré bọ̀, ó ti na ọwọ́.

Moufidatou kò dìde. Ó kàn yí ojú sí i láti ìsàlẹ̀, ọkọ́ lókè orí rẹ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé tábìlì, Ẹ̀gbọ́n."

Wassiou dúró. Ó wo irin náà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi í sí abẹ́ abíyá bí ẹni tí òtútù mú. Gbogbo ọjà ń wò wọ́n.

Ó lu òkúta náà títí ó fi là sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó nu irin ọkọ́ lára ìyókù aṣọ tábìlì, ó gbé e lé èjìká, ó gba ọ̀nà Doguè lọ sí oko kajú. Ewéko ti ga níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń roko títí oòrùn fi dé àtàrí. Àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ọjà ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i.

"O kú iṣẹ́ o."

Ó ń dá wọn lóhùn.